Orúkọ Tí Mo Fẹ́ Sọ Ajá Pupa Yẹn

Òkè-Balógun,
Ẹ̀pẹ́.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Mọ́fẹ́yìsára, Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú àárọ̀, mo kí ọ kú ọ̀sán, mo sì fi kú alẹ́ kún un, nítorí n kò mọ ìgbà tí Ìbíjọkẹ́ ẹlẹ́ja máa gbé lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ọjà Olúwo ni yóò ti kọ́kọ́ kó ẹja rẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ Ìkòròdú, nítorí náà bí lẹ́tà náà bá ń rùn, ẹja ni, kì í ṣe èmi. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ tì mọ́ ọ lójú. Ohun tí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ́, ọwọ́ ẹlòmíràn kò ní bà á jẹ́. Ìgbà tí mo kọ àdúrà yìí tán ni mo rí i pé ọwọ́ ẹlòmíràn tí mò ń wí, ọwọ́ tèmi ni, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n rọra tò ó wá.

Àlàáfíà ni ilé wà. Ọrùn ẹsẹ̀ ìyá rẹ tó wú ti ń lọ sílẹ̀. Ewúrẹ́ rẹ̀ bí ìbejì, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n má baà wá tọrọ ọ̀kan, nítorí náà má ṣe jẹ́ kí ó mọ̀ pé mo sọ. Bàbá Láwàl tí ilé wọn lẹ̀ mọ́ tiwa kí ọ. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ṣe bàìbàì rárá. Àná yìí ni ó ní irùngbọ̀n mi dà bí ti òbúkọ tí olówó rẹ̀ gbàgbé láti tà.

Owó tí o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá dé. Bánkì ni ó kọ̀wé sí mi lórí fóònù láti sọ fún mi, mo sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bi í léèrè ìyàwó àti ọmọ, mo ní kí ó yà kí wa bí ó bá gba Ẹ̀pẹ́ kọjá. Títí di òní kò tíì fèsì. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ọmọlúàbí ni ṣá, kì í gbàgbé láti jíṣẹ́.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí n kò pè ọ́ dípò kí n máa kọ̀wé bí ẹni tó ń wáṣẹ́. Mo pè ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tí o gbé fóònù, tí o bi mí pé ṣé kò sí o, mo ní kò sí, mo ní mo kàn ní kí n gbọ́ ohùn rẹ ni. Ó wà, Mọ́fẹ́. Ẹnu mi ti fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ pẹ́ débi pé n kò fọkàn tán an mọ́. Ọwọ́ nìkan ló kù tí mo lè rán.

Nígbà tí mo wá tọ́jú ojú mi lọ́dọ̀ rẹ, tí o ní dípò kí n dá jókòó sílé kí n máa bá yín jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, inú mi dùn. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì níṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, kò sí ẹni tó fún mi ní àga tó dojú kọ ẹ̀dá tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo wo àwọn ajá, àwọn ológbò, ehoro àti ayékòótọ́ tó tò lọ bẹẹrẹ nínú àgò onírin, mo ní kíláàsì kan rèé. Àṣìṣe mi pọ̀ níbẹ̀, o sì fara dà á. Mo rí àpò oúnjẹ tí wọ́n ya ajá sí lára, mo rò pé ẹran ajá ló wà nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ya ẹja sára agolo sàdíìnì, mo sì ń ṣàánú àwọn ajá tí ẹ ń fi ẹran ẹ̀gbọ́n wọn bọ́. Fọ́ọ̀mù tí àwọn oníbàárà ń kọ kí wọ́n tó wọ iyàrá inú tí àwọn ajá wà, tí wọ́n fi ń ṣèlérí pé àwọn kò ní fún ẹran lóúnjẹ, àti pé ọmọdé kò ní wọlé láìsí òbí rẹ̀, èmi ni mo fi bírò pupa máàkì gbogbo rẹ̀, nítorí mo rò pé ìdánwò ni. Ọkùnrin kan gba mẹ́ta nínú mẹ́wàá, torí pé ó kọ orúkọ àdúgbò rẹ̀ sí ibi ọjọ́ orí. Fàlílátù tó ń tọ́jú àwọn ẹran fún ọ ni ó rọra gba bírò náà lọ́wọ́ mi, ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo wọn ti yege.

Obìnrin yẹn, opó ni, láti Ìkirè ni ó ti wá, ó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Mo máa ń rí i tó ń fi aṣọ tútù nu etí àwọn ajá bí oòrùn bá ti mú. Òun ni ó ń fún mi lómi mu kí n tó sọ pé òǹgbẹ ń gbẹ mí. Rọra rántí èyí bí o bá ṣe ń kà lọ.

Ti kámẹ́rà ló burú jù. O sọ fún mi pé ibikíbi tí o bá wà, orí fóònù rẹ lo ti ń rí ohun gbogbo tó ń ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo gbà á gbọ́ pátápátá. Láràárọ̀ ni mo máa ń ṣí fìlà kí i, mo ní Àjọkẹ́, ṣé o jí ire? Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ jẹun, ojú máa ń tì mí, nítorí o ti ní kí n dín iyọ̀ kù, ẹja gbígbẹ tí mo sì gbé wá láti Olúwo, iyọ̀ rẹ̀ kò kéré. N kò fẹ́ kí o wà nídìí iṣẹ́ rẹ kí o máa wo bí mo ṣe ń já ẹja jẹ. Nítorí náà mo máa ń gun àpótí, mo máa ń fi fìlà mi bo kámẹ́rà náà lójú, mo máa ń sọ fún un pé kò ní pẹ́, jẹ́ kí bàbá rẹ jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ mo máa ń mú fìlà mi, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ọjọ́rú tó kọjá, o lọ gba ehoro tó ń bọ̀ lójú omi ní Ìpakodò. Iná ti lọ, fáànù dúró, kámẹ́rà tó ń lo bátìrì nìkan ló ṣì ń ṣiṣẹ́, oòrùn ọ̀sán sì ti ń gba gíláàsì iwájú wọlé tààrà. Ahọ́n gbogbo ajá ló wà níta. Omi inú abọ́ wọn ti gbẹ, ẹ̀rọ omi kò sì lè fà, ni Fàlílátù bá gbé garawa, ó ní òun ń lọ pọnmi ní kànga ẹ̀yìn. Ó ti ilẹ̀kùn iyàrá inú, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n má ṣí i fún ẹnikẹ́ni. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní bí ó bá ṣe gómìnà ló dé, kí n ní kí ó dúró. Mo ní mo gbọ́. Mo gun àpótí, mo fi fìlà bo kámẹ́rà, mo tú ẹja mi.

Ìgbà náà ni Mọ̀nsúrát, oníbàárà rẹ, wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ Rùkáyàt, ọmọ ọdún márùn-ún. Ìyá ń wo ológbò níwájú. Ọmọ náà rí mi, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ lórí táìlì, orúnkún méjèèjì, ó kí mi. N kò rí irú ìkúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé Ìkòròdú. Ìwọ náà mọ̀ pé nílé wa, ọmọ tó bá kí àgbà báyẹn kì í lọ lọ́wọ́ òfo. N kò ní bísíkíìtì, n kò ní ẹ̀pà, ẹja ọwọ́ mi nìkan ni mo ní, mo já níbẹ̀ fún un. Ó bi mí bóyá ajá pupa tó wà nínú lọ́hùn-ún máa ń jẹ ẹja. Mo ní jẹ́ ká lọ bi í.

Ìkìlọ̀ wà lára ilẹ̀kùn náà, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ń lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ògiri, Mọ́fẹ́, kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé ìkìlọ̀ lè máa bá èmi náà wí. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Àgò ajá pupa tí ẹ ń pè ní Rọ́kì ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ojú rẹ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ojú ọmọ náà. Ọmọ na ẹja sí i, ó di ìdí ẹja mú, bẹ́ẹ̀ ni ajá tí kò rí omi mu láti òwúrọ̀ gbé ẹnu hán ẹja náà, ó sì bu àtàǹpàkò ọmọ jẹ mọ́ ọn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọmọ pariwo, ajá náà tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sá lọ sí kọ̀rọ̀ àgò rẹ̀, ó ń gbọ̀n.

Ìyá ọmọ sáré wọlé. Fàlílátù gbé garawa omi dé láti kànga, ó gbé ọmọ, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀, ó ń da omi sí i, ó ń da omi sí i, títí tí mo fi rò pé ó ti pọ̀ jù. Dókítà ni ó wá sọ pé ohun tó dára jù tí ẹnikẹ́ni ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ṣé o fẹ́ mọ ohun tí èmi ṣe? Mo padà síwájú, mo gun àpótí, mo mú fìlà mi lójú kámẹ́rà, mo dé e.

Nígbà tí o dé, o bèèrè ẹni tó ṣílẹ̀kùn. Rùkáyàt ní Bàbá fún òun ní ẹja, ìyá rẹ̀ ní kí ó dákẹ́, pé ẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. O wo fóònù rẹ láti rí ohun tí kámẹ́rà rí ní ìṣẹ́jú tí ọmọ náà pariwo, òkùnkùn biribiri lo rí, o ní ẹnìkan ti mọ̀ọ́mọ̀ bò ó. O wá kọjú sí mi, o fi ọ̀wọ̀ bi mí, o ní Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ jókòó síbí, kí lẹ rí? Mo ní ṣé Fàlílátù kọ́ ló máa ń mú kọ́kọ́rọ́ ni?

Kì í ṣe irọ́. Ìdí nìyẹn tó fi burú ju irọ́ lọ.

Fàlílátù wò mí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ pé ọwọ́ Bàbá ni kọ́kọ́rọ́ wà, òun ń pe bàbá ọ̀gá òun ní òpùrọ́ lójú ọ̀gá òun nìyẹn. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí kò ṣe. O ní kí ó lọ sílé. O ní kí wọ́n gbé Rọ́kì lọ sínú àgò ẹ̀yìn. Dókítà ẹran ní abẹ́rẹ́ ajá náà pé, ṣùgbọ́n kí ẹ ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá nítorí àrùn dìgbòlugi, o sì ní bí ọjọ́ náà bá pé ní Sátidé, àwọn tó ń ra ajá fún ẹran máa wá gbé e, nítorí kò sí oníbàárà tó máa ra ajá tó ti bu ọmọ jẹ. Lọ́jọ́ Ẹtì mo ní ojú mi ti dá, mo wọ ọkọ̀, mo sá wálé.

N kò ì sùn dáadáa láti ìgbà náà. Kì í ṣe ti Fàlílátù nìkan. Ìkúnlẹ̀ rẹ̀ yẹn, mo ti rí irú rẹ̀ rí, lára rẹ.

Ṣé o rántí Kílókànwọ́n? Mo mọ̀ pé o rántí. Ìwọ náà mọ àṣà wa, ohun tí a kò lè sọ sí aládùúgbò lójú, ajá ni a fi ń sọ ọ́. Èmi àti Bàbá Láwàl ń jà nígbà náà lórí ààlà, ó ní mò ń fi ògiri jẹ ilẹ̀ òun, ni mo bá ra ajá, mo sọ ọ́ ní Kílókànwọ́n, mo máa ń dúró sídìí ọgbà wọn nírọ̀lẹ́, mo máa ń fi gbogbo agbára pè é bí ẹni pé oúnjẹ ni mo fẹ́ fún un. Mo sì fẹ́ kí ó rorò. Okùn kúkúrú ni mo fi so ó mọ́lẹ̀ nínú oòrùn, mo máa ń jẹ́ kí ọjọ́ rọ̀ kí n tó fún un lómi. Ìwọ lo máa ń jí omi gbé fún un, mo sì máa ń nà ọ́ nítorí rẹ̀. Lọ́jọ́ tó já okùn tó bu ìyàwó Láwàl jẹ lẹ́sẹ̀, wọ́n bi mí pé ta ló ṣí géètì. Èmi ni mo ṣí i, mo ń lọ síléèwé, n kò padà tì í. Mo ní ìwọ ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́. Mo nà ọ́ ní ẹgba mẹ́fà lójú wọn kí wọ́n lè rí i pé onídàájọ́ òdodo ni mí. O kúnlẹ̀, o bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí o kò ṣe.

Mo sọ fún ọ pé ajá náà sá lọ. Kò sá lọ. Mo gbé e wọkọ̀ lọ sí Agbówà nígbà tí o wà níléèwé, mo fà á lé ọkùnrin kan lọ́wọ́, n kò bi í léèrè ohun tó máa fi ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo fi ń rìn káàkiri etí ọ̀sà, tí ò ń pe Kílókànwọ́n, Kílókànwọ́n, tí àwọn àgbàlagbà ń yọjú lójú fèrèsé, tí wọ́n ń bèèrè ta ló ń bú àwọn. Wọ́n wá fẹjọ́ rẹ sùn mí. Mo tún nà ọ́.

N kò bi ọ́ rí ìdí tí o fi kàwé tó báyìí tó sì jẹ́ ajá lo yàn láàyò. Mo rò pé mo mọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí mo parọ́ fún ọ lórí fóònù tán, mo lọ bá Bàbá Láwàl, mo jẹ́wọ́ géètì náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọdún náà, òun rí mi tí mo jáde. Mo ní kí ló wá dé tí ẹ kò sọ? Ó ní òun máa ń rí ajá náà láti orí ọgbà tí ahọ́n rẹ̀ ń fà nílẹ̀, omi wà nínú ìkòkò òun, ṣùgbọ́n nítorí ìjà ààlà òun kò bù ú fún un. Ó ní nítorí náà, Tíṣà, ẹ má dá jẹ̀bi náà, ẹ fún mi nínú rẹ̀.

Ọmọ mi, bí o bá ka lẹ́tà yìí lọ́la, kọ́kọ́ pe Fàlílátù. Má dúró dè mí. Sọ fún un pé bàbá rẹ ló ṣílẹ̀kùn, kí o sì bẹ̀ ẹ́ kí ó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì mo máa wá fúnra mi, mo máa lọ bá a ní ilé tó ń gbé, mo máa tọrọ àforíjì lójú gbogbo ayálégbé, nítorí ojú gbogbo yín ni mo ti bà á jẹ́. Mo fi fìlà náà ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà. Bí ẹnikẹ́ni bá tún bèèrè ẹni tó bo kámẹ́rà, fìlà rèé, ó ṣì ń rùn bí ẹja níbi tí mo ti fọwọ́ mú un. Sọ fún Mọ̀nsúrát pé òótọ́ ni ọmọ rẹ̀ sọ, kí ó má sọ fún un mọ́ láé pé kí ó dákẹ́. Bí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù tí ìyá ọmọ náà lọ fẹjọ́ sùn bá dé, má ṣe sọ fún wọn pé ajá ló burú. Fún wọn ní lẹ́tà yìí kí wọ́n kà. Owó abẹ́rẹ́ Rùkáyàt tó kù, owó ìfẹ̀yìntì mi oṣù yìí ni mo fẹ́ fi san án, má bá mi jiyàn.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ máa kọ́ ọ níṣẹ́ rẹ o. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn àwọn ẹran yẹn tó ọ. Ṣùgbọ́n mo fi ọ̀sẹ̀ méjì jókòó síbi tí ìwọ kì í ráyè jókòó, mo sì rí i pé bí aago méjì bá ti lù, gíláàsì iwájú yẹn máa ń sọ ṣọ́ọ̀bù di ààrò. Ta aṣọ sí i. Gbé àwọn àgò ìsàlẹ̀ kúrò níbi tí ojú ọmọdé bá ojú ajá mu. Ra àgbá omi sínú ilé, kí Fàlílátù má baà máa fi wọ́n sílẹ̀ nítorí omi. Kọ́kọ́rọ́ yẹn náà, má ṣe fi sọ́wọ́ bàbá ẹnikẹ́ni mọ́.

Rọ́kì wá kù. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má fi í fún àwọn oníṣòwò ẹran. Bí ọjọ́ mẹ́wàá bá pé, tí dókítà bá ní ara rẹ̀ dá, fún mi, mo máa mú un wá sí Ẹ̀pẹ́. Ìyá rẹ ti gbà, ó ní bí kò bá ṣáà ti wo àwọn ọmọ ewúrẹ́ òun lójú. Mo ti na wáyà láti ìdí gúáfà dé ìdí kànga, ibi tí òjìji wà tọ̀sán tọ̀sán, okùn rẹ̀ á lè máa sáré lórí rẹ̀, géètì á sì máa wà ní títì. Bàbá Láwàl ní abọ́ omi rẹ̀, ọwọ́ òun ni yóò máa ti wá.

Ó ku ti owó. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì bá ti bá abẹ́rẹ́ lọ, kò ní sí owó ọbẹ̀, nítorí náà fi owó ọbẹ̀ ránṣẹ́, àti owó ọkọ̀ èmi àti ajá, nítorí awakọ̀ ní ajá máa san ti àgbàlagbà bí ó bá jókòó sórí àga. Rán an nípasẹ̀ Bánkì, kí o sì bá mi kí i.

Ọlọ́run á fún ọ ní àwọn ọmọ tí wọn kò ní fi ogójì ọdún pa ohun tó yẹ kí wọ́n sọ fún ọ mọ́. Oníbàárà rẹ kò ní sunkún jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ. Ẹran tó bá gba ọwọ́ rẹ lọ, yóò rí ilé rere dé. Bí o bá fẹ́ bínú sí mi, bínú, ó tọ́ sí ọ, ṣùgbọ́n má ṣe bínú kọjá ọjọ́ Ẹtì tí mo bá dé, kí n lè kúnlẹ̀ gbàdúrà fún ọ lójúkojú.

Mo ti ní orúkọ fún ajá náà. Rọ́kì kì í ṣe orúkọ tí ènìyàn lè pè ní Òkè-Balógun kí ó ní ìtumọ̀. Èmilójẹ̀bi ni mo fẹ́ máa pè é. Ìdí ọgbà yẹn náà ni mo ti máa pè é nírọ̀lẹ́, níbi tí mo ti ń pe ti àkọ́kọ́. Lánàá mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan, kí n mọ̀ bí yóò ṣe rí lẹ́nu. Bàbá Láwàl kò fèsì, ó lè jẹ́ pé ó ti sùn. Ìyá rẹ ló dáhùn láti ilé ìdáná, ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n Àjọkẹ́ wà ní Ìkòròdú, kí n pè é sókè sí i.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ajíbọ́lá.